Bí A Ṣe Ń Tẹ́ Táìlì Tí Yóò Pẹ́ Sínú Bọ́ọ̀sì Tí A Fẹ́ Máa Gbé

Ẹni tó bá ti wa bọ́ọ̀sì Coaster láti Adó-Èkìtì lọ sí Ìkógòsì mọ ohun tí ọ̀nà òkè ń fi irin ọkọ̀ ṣe. Bó bá ń gun òkè, ó ń fà. Bó bá yà ní kọ́nà, ó ń yí. Bó bá bọ́ sí kòtò, gbogbo ara rẹ̀ á mì. Ilẹ̀ inú ọkọ̀ ń bá a ṣe gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ sọ bọ́ọ̀sì di ilé, bóyá fún ìrìn àjò ìyìn rere ni o, bóyá fún àwọn òṣèré tó ń ya fíìmù káàkiri, ilẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ́ táìlì alámọ̀ tí à ń tẹ́ sí pálọ̀ sínú rẹ̀. Bí irin bá yí díẹ̀, sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ á sán, táìlì á sì tú. Mítà onígun mẹ́rin kan lára rẹ̀ tún ń wọ̀n tó kílò 18 sí 20, a ò tíì ka sìmẹ́ǹtì. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ bá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 10, ẹrù bíi 200 kílò ni ẹ ti dì kí bẹ́ẹ̀dì tó wọlé, búrékì ni yóò sì máa jìyà rẹ̀ bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè.

Táìlì fáínìlì, ìyẹn táìlì oníke, ni mo fara mọ́, èyí tó nípọn tó mìlímítà 2 sí 3, tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ó ń tẹ̀ bí ilẹ̀ bá tẹ̀, omi kì í wọ inú rẹ̀, mítà onígun mẹ́rin kan kì í sábà ju kílò 4 sí 6 lọ. Ẹ béèrè bí awọ òkè tí bàtà ń tẹ̀ ṣe nípọn tó. Kó má dín sí mìlímítà 0.5, torí iyẹ̀pẹ̀ pupa tiwa yìí máa ń ha ilẹ̀ bíi sánpépà. Irú èyí tó ti ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí wọ́n kàn ń bó ọ̀rá rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún inú ilé. Bọ́ọ̀sì tó wà lójú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà pẹ̀lú fèrèsé títì lè gbóná kọjá dígírì 50. Gọ́ọ̀mù yẹn á rọ̀, igun táìlì á sì ká sókè.

Ẹ tú u dé irin

Ibí yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ tú àga, kápẹ́ẹ̀tì àti gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò. Ẹ fi òòlù kékeré kan gbogbo irin náà: ibi tó le á dún gbọnrangandan, ibi tó ti jẹrà ò ní dún bẹ́ẹ̀. Ẹ pe wẹ́dà kó gé ibi tó jẹrà, kó sì fi irin tuntun lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpatà, ẹ nu eruku, ẹ kun red oxide, ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpatà, lẹ́ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa kí ẹ tó kun èkejì.

Kí ẹ tó bò ó, kí ẹnì kan fi họ́ọ̀sì fín omi sí abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń wò láti inú. Ibi tí omi bá ti yọ, ẹ sàmì sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sílíkóònù dí i. Òjò Èkìtì kò ní fojú fo ihò kankan.

Plywood

Ẹ ra plywood mìlímítà 12 tí omi kì í tètè bà jẹ́. Marine board, ọ̀kan lára irú plywood bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, sábà máa ń ní awọ dídán lójú, gọ́ọ̀mù kì í sì di ìyẹn mú; ẹ fi sánpépà ha á kúrò. Ẹ kun ẹ̀yìn plywood náà àti etí rẹ̀ ní ọ̀dà olóròóro, torí ìsàlẹ̀ ni ọ̀rinrin ti ń wá.

Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ibi tí táǹkì epo, páìpù búrékì àti wáyà gbà. Ẹ̀mí wà nínú èyí. Ẹ wá fi síkúrúù de plywood náà mọ́lẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 15 síra wọn létí, bíi 25 láàárín. Ẹ fi àlàfo mìlímítà 3 sáàárín plywood kan àti èkejì, ẹ fi sílíkóònù kún un. Kí orí síkúrúù rì díẹ̀, kí ẹ fi pútì dí i, kí ẹ sì ha á kó tẹ́jú. Gbogbo òkìtì kékeré tó bá ṣẹ́kù ni yóò yọ lójú fáínìlì.

Wíwọ̀n àti gígé

Ẹ gbé páálí táìlì sínú bọ́ọ̀sì fún wákàtí 48 kí ooru ibẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ wá àárín ilẹ̀, ẹ fi okùn tí ẹ fi ẹfun pa sàmì ìlà tó gún láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ara ògiri bọ́ọ̀sì kì í gún, ẹ má fi ṣe ìwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ to táìlì láìsí gọ́ọ̀mù. Bí èyí tó kángun sí ògiri bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹ sún ìlà náà. Ọ̀bẹ mímú àti rúlà onírin tó láti gé e: ẹ fa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì ṣẹ́ ẹ.

Gọ́ọ̀mù

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí iná kankan má sí nítòsí. Ẹ lo gọ́ọ̀mù tí a ṣe fún fáínìlì, ẹ fi tírọ́wẹ̀lì eléyín kéékèèké tẹ́ ẹ, ibi tí ọwọ́ yín lè dé ni kí ẹ tẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró bí a ṣe kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ kí ẹ tó lẹ táìlì. Kí ojú ìpàdé ìlà kan má bá ti ìlà kejì ṣe déédéé. Ẹ fi rólà wúwo yí gbogbo rẹ̀ láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ fi àlàfo mìlímítà 5 sílẹ̀ lára ògiri.

Ẹ má gbé kọ́bọ́ọ̀dù wọlé kó tó pé wákàtí 24. Ẹ wá fi sílíkóònù dí àlàfo ara ògiri, ẹ kan irin alumíníọ́mù sí ẹnu ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń gbá jù. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ tó jìn, Adó sí Ọ̀mùò fún àpẹẹrẹ, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ tẹ gbogbo etí. Ibi tó bá ṣí, ẹ tún gọ́ọ̀mù sí i, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e di ọjọ́ kejì.