Ẹ wo ọjọ́ orí táyà kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fi alùpùpù rìnrìn-àjò, bí òjò ṣe ń bọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kí eyín táyà tó jinlẹ̀ tàn yín jẹ. Rọ́bà máa ń gbó sínú ṣọ́ọ̀bù láìtíì kan títì rárá. Lẹ́bàá lẹ́tà DOT lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Èyí tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, èmi ò ní rà á, kódà kí wọ́n tà á ní ìdajì owó.

Táyà eléyín ńláńlá dára nínú ẹrẹ̀, àmọ́ títì ọlọ́dà máa ń tètè jẹ ẹ́, ó sì máa ń yọ̀ bí ọ̀dà bá tutù. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn sí Ṣakí lẹ ń lọ, tí ẹ kàn ń yà sí ọ̀nà abúlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra ló yẹ yín. Kí fọganáísà tó dè é, ẹ wo ọfà ara rẹ̀: ibi tó kọjú sí ni wíìlì gbọ́dọ̀ máa yí sí.

Àárọ̀ ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́, kí táyà tó gbóná. Iye tí ìwé máṣínì yín kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. PSI (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) tí wọ́n kọ sára táyà, ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá ni.

Ṣéènì ńkọ́? Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ná o, kò sí tòkúnbọ̀ ìka ọwọ́. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fi ọ́ìlì sí i. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ó ń ba rọ́bà kéékèèké inú rẹ̀ jẹ́.