Táyà àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó ra tuntun

Táyà iwájú méjèèjì ọkọ̀ mi ti jẹ, ó sì ti tó àkókò láti pààrọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mi ò sáré lọ ra tuntun. Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ wọ́n ná, torí táyà kì í ṣàdédé jẹ. Ibi tó ti jẹ ló máa ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀.

Mo yí sitiárìn dé ìpẹ̀kun kí ojú táyà lè yọ síta, mo wá fi ọwọ́ pa á láti etí dé etí. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré máa ń jẹ ní etí méjèèjì. Èyí tí wọ́n bá géèjì jù máa ń jẹ láàárín. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Etí inú nìkan ló jẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dán tán, bẹ́ẹ̀ sì ni ilà etí òde ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá kàn gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá kò lè rí i. Aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn bí àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe tò tí wọ́n sì kọjú síbi tó yẹ, ló ti yẹ̀. Bí mo bá ra táyà tuntun láìtún ìyẹn ṣe, bí ti àtijọ́ ṣe jẹ náà ni tuntun yóò ṣe jẹ.

Nínú ilà ojú táyà, rọ́bà kéékèèké kan wà tó dábùú ilà náà. Bí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba, 1.6 mm péré ló kù, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò sì gbà kí èèyàn máa wà á lọ mọ́. Èmi kì í dúró dìgbà yẹn. Ilà yìí ni omi ń gbà jáde lábẹ́ táyà nígbà òjò. Bí omi kò bá ríbi gbà, táyà á léfòó, bíréèkì àti sitiárìn ò sì ní gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu mọ́.

Ara táyà ni mo ti ka ìwọ̀n tí mo máa rà: 205/55 R16 91V. 205 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 55 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 16 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 615 kìlógíráàmù. V ní tirẹ̀ ń sọ eré tó pọ̀ jù tí táyà náà lè gbà: 240 kìlómítà ní wákàtí kan. Ohun tí mo wò jù ni nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára nọ́ńbà tí wọ́n kọ DOT síwájú rẹ̀ lára táyà. 2319 ń sọ pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ ò bá rí i lápá kan, ẹ wo apá kejì. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ tíì fẹsẹ̀ kan ọ̀nà rí, nítorí náà kí ẹ má wo bó ṣe ń dán bíi tuntun nìkan.

Ilẹ̀ tó tẹ́ ni mo gbé ọkọ̀ sí. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo fi igi há táyà ẹ̀yìn, mo sì dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí n tó fi jáàkì gbé e, torí bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, táyà á máa bá spánà yí. Ibi tí ìwé ọkọ̀ sọ ni mo ki jáàkì sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Fọkanáísà bá mi fi táyà tuntun sórí ríìmù, ó pààrọ̀ fáàfù, ó sì ṣe bálánsì. Ẹ̀yìn ni mo wá gbé àwọn tuntun sí, mo kó ti ẹ̀yìn tó ṣì dára wá síwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa bá mi jiyàn níbí, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú. Bí iwájú bá yọ̀ nínú omi, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, èèyàn sì lè rọra dín eré kù títí táyà á fi di ọ̀nà mú. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po, awakọ̀ tó lè dá irú ìyẹn dúró kò pọ̀.

Mo ń dé nọ́ọ̀tì ní òdìkejì ara wọn kí ríìmù lè jókòó déédéé, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo wá fún wọn gírígírí. Lẹ́yìn nǹkan bí 80 kìlómítà, mo tún wọn yẹ̀ wò.

Fún géèjì, ìwé tó lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ni mo tẹ̀ lé. Èyí tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin ohun tó lè gbà. Àárọ̀ tí táyà ṣì tutù ni mo sì wọ̀n ọ́n, mo wọn ti sípíà tó wà nínú búùtù náà.

Aláínmẹ́ǹtì ló kẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ìyẹn oríkèé tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè yí, torí bí ìyẹn bá ń mì, aláínmẹ́ǹtì kò lè dúró. Mo sì gba ìwé tó fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọkọ̀ hàn kí wọ́n tó tún un ṣe àti lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán. Ìwé náà wà nínú ọkọ̀ títí di òní.