Bí mo ṣe pààrọ̀ fíltà AC inú Camry Muscle mi fúnra mi

Tí AC mọ́tò yín bá ń tutù dáadáa àmọ́ tí atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa rọ gáàsì sí i o, ẹ kọ́kọ́ wo fíltà. Kì í ṣe fíltà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mẹkáníìkì máa ń yọ gbọ̀n nígbà sáfíìsì ni mò ń sọ, ìyẹn ti ẹ̀ńjìnnì ni. Èyí tí mò ń sọ wà nínú mọ́tò gan-an níbi tá a jókòó sí, ẹ̀yìn pigeon hole, àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ló wà, òun ló ń sẹ́ atẹ́gùn tí àwa àtàwọn ọmọ wa ń mí símú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń wa tókúnbọ̀ ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá, àtìgbà tí wọ́n ti já mọ́tò náà ní pọ́ọ̀tù kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Camry 2007 ni tèmi, èyí tá a mọ̀ sí Muscle. Ìbàdàn ni mò ń gbé, abẹ́ igi dóńgóyárò ni mo máa ń páàkì sí nílé torí oòrùn, mo sì máa ń lọ Èkó dáadáa. Láti àsìkò ọyẹ́ tó kọjá ni mo ti ń kíyè sí i pé tí mo bá yí fáànù dé òpin, ariwo ẹ̀ á máa hó yèè, àmọ́ tí mo bá gbé ọwọ́ síwájú ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fẹ́. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn tiẹ̀ ń bi mí pé ṣé mo ti tan AC ni. Òórùn kan tún wà níbẹ̀, bíi ti aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí ò rí oòrùn sá, ọmọ mi obìnrin sì máa ń sín léraléra bí mo bá ti tan nǹkan yìí láàárọ̀ tí mo bá ń gbé e lọ síléèwé. Ọ̀rọ̀ sísín yẹn ló jẹ́ kí n mú un ní pàtàkì.

Mo kọ́kọ́ fi han rìwáyà kan ládùúgbò wa. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, gáàsì yín ló ti lọ, ẹ jẹ́ ká rọ òmíràn sí i." Mo ní ó dáa, ẹ wá fọwọ́ kan atẹ́gùn yìí ná, ṣé kò tutù ni? Ó ní ó tutù. Mo ní ká tíì dá gáàsì dúró ná.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ torí owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá a lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, gáàsì ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ tó. Iṣẹ́ gáàsì ni kó jẹ́ kí evaporator, ìyẹn irin AC tó ń mú atẹ́gùn tutù, tutù, bólòwá, ìyẹn fáànù tó wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ló ń ti atẹ́gùn gba ara evaporator yẹn kọjá wá bá wa. Torí náà tí gáàsì bá lọ sílẹ̀, atẹ́gùn á ṣì máa fẹ́ fúù bó ṣe ń fẹ́ tẹ́lẹ̀, kò kàn ní tutù mọ́ ni. Àmọ́ tó bá tutù tí kò wá fẹ́, nǹkan kan ló dí i lọ́nà tàbí kó jẹ́ pé bólòwá fúnra ẹ̀ ti ń rẹ̀. Nínú gbogbo nǹkan tó lè dí i, fíltà ló sún mọ́ wa jù, òun lowó ẹ̀ kéré jù, kò sì gba skrudíráfà kankan nínú Muscle, ọwọ́ lásán la fi ń yọ ọ́.

Mo pa mọ́tò, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo kó gbogbo ẹrù inú pigeon hole kúrò, ìwé mọ́tò, bíró, ike omi, tíṣù, gbogbo ẹ̀. Mo wá ṣí i sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣí. Tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lápá ọ̀tún ẹ máa rí ọwọ́ kékeré kan tó dì í mú kó má bàa já wálẹ̀ gbì tẹ́ ẹ bá ṣí i, wọ́n fi ihò ẹ̀ kọ́ sára èèkàn ike kékeré kan, ẹ rọra fi ìka tì í kúrò lórí èèkàn yẹn, á jáde. Ẹ má fà á tagbára tagbára o, ike mọ́tò tó ti pẹ́ nínú oòrùn wa yìí ti gbẹ, tó bá kán ẹ ti dá iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo gbé ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì pigeon hole, mo fún un pọ̀ sínú, àwọn etí tó fi kọ́ ara ẹ̀ bọ́ kúrò nínú ihò wọn, gbogbo ẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ báyìí, ẹ máa rí ìdérí ike dúdú kan tó gùn ní ìbú, ó ní etí lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ fi ìka fún etí méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ fà á síta.

Kí n tó fa fíltà jáde mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, mo sì fà á ní jẹ́jẹ́, torí ìdọ̀tí orí ẹ̀ ló wà, bólòwá ló sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹni tó bá já a jáde lójijì, inú bólòwá ni gbogbo ewé yẹn máa dà sí, táá sì máa ṣe kọ̀ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tan fáànù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó jáde ò ṣeé fẹnu sọ. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ ló kún inú àwọn ìṣẹ́po fíltà yẹn, ó dì mọ́ ibẹ̀, èso ẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹ́ apá kòkòrò, ìyẹ́ ẹyẹ kan, irun, eruku pupa tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di amọ̀. Ní igun kan, èkúté ti gé e jẹ, ó sì ti kó tíṣù jọ síbẹ̀. Nígbà tí mo yí i sísàlẹ̀, etí ibi tí férémù bò ṣì funfun, ibẹ̀ ni mo ti wá mọ àwọ̀ tó ní nígbà tó wà ní tuntun. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, eruku dà sórí ìwé ìròyìn. Ìgbà yẹn ni mo ronú kan ọmọ mi tó ń sín láàárọ̀, inú mi ò dùn rárá, torí ohun tó ń mí símú nìyí lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà iléèwé.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò yẹn, mo rí ojú fáànù bólòwá nísàlẹ̀, ewé díẹ̀ wà níbẹ̀, mo fọwọ́ ṣà wọ́n jáde, mo fi àkísà tó rin díẹ̀ nu ẹ̀gbẹ́ ibi tí fíltà ń wọ̀. Àkísà tó rin díẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe èyí tó ń kán tótó.

Mo wá di èyí tó bàjẹ́ yẹn sínú nylon, mo gbé e lọ sí Àràrọ̀mí ní Gate, ọjà tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò n'Íbàdàn níbí. Ó dáa kéèyàn gbé ti tẹ́lẹ̀ dání, torí tẹ́ ẹ bá kàn ní ẹ fẹ́ fíltà Camry, ti ẹ̀ńjìnnì ni wọ́n máa gbé fún yín. Ẹ má tan AC tàbí fáànù lọ sọ́jà nígbà tí fíltà ò bá sí níbẹ̀, eruku títì á lọ lẹ̀ mọ́ ara evaporator tó tutù, ìyẹn sì le yọ ju fíltà lọ. Nọ́ńbà tí Toyota fún un ni 87139-YZZ08, òun náà ló ń wọ Corolla 2009 sí 2013, ó ń wọ Venza, ó ń wọ Highlander 2008, torí náà kì í wọ́n lọ́jà. Àǹtí tó ń tà á gbé oríṣi méjì sílẹ̀, funfun kan àti èyí tó dúdú díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá mi, èyí tó dúdú yìí ní èédú nínú, ó wọ́n ju ìyẹn lọ o." Èyí tó ní èédú ni mo mú, torí òun ló ń gbé òórùn àti èéfín mì, ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe máa ń tẹ̀ lé ìdí tírélà láti Ìbàfò dé Bẹ́gà mọ̀ pé owó yẹn ò ṣòfò. Mo fi tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí kí n tó sanwó. Àwọn kan wà tó tínrín tí etí wọn ò kan ògiri ibi tó ń wọ̀, atẹ́gùn á kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni, bí ẹni tí ò ra nǹkan kan nìyẹn.

Ibi tí àríyànjiyàn máa ń wà ni ọfà tí wọ́n yà sára ẹ̀. Lára ti Toyota, UP ni wọ́n kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọfà, ọfà yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Lára àwọn ti ilé iṣẹ́ mìíràn, AIR FLOW ni wọ́n máa ń kọ, ìyẹn sì ní láti kọjú sísàlẹ̀. Ohun kan náà làwọn méjèèjì ń sọ: òkè ni atẹ́gùn ti ń wọlé láti abẹ́ gíláàsì iwájú, bólòwá sì ń fà á wá sísàlẹ̀. Ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó tì í wọlé. Mo tì í wọlé, mo dá ìdérí padà títí tí mo fi gbọ́ kẹ́ lọ́tùn-ún, kẹ́ lósì, mo fún ẹ̀gbẹ́ pigeon hole pọ̀, mo gbé e sókè padà sáyè ẹ̀, mo fi ọwọ́ kékeré yẹn kọ́ sórí èèkàn ẹ̀. Ó parí.

Mo tan mọ́tò, mo yí fáànù sáàárín péré, tíṣù tí mo gbé síwájú ihò fò kúrò lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn gan-an ni. Òórùn yẹn lọ púpọ̀ àmọ́ kò lọ tán lọ́jọ́ náà, torí omi tó ń wà lára evaporator náà máa ń rùn tó bá dúró pẹ́. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé tí mo bá ti ń sún mọ́ ilé, mo máa pa AC, màá fi fáànù nìkan sílẹ̀ kó gbẹ ẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ò sín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láàárọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Àwọn kan máa ń ní kéèyàn fọ̀ ọ́ kó tún un lò, tàbí kó gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi kọ́ńpréṣọ̀ fẹ́ ẹ. Èmi ò fara mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ kọ́ńpréṣọ̀ lágbára, ó máa ń ya òwú tín-tìn-tín tó wà lára ẹ̀, omi náà sì máa ń bà á jẹ́, ojú ẹ̀ á mọ́ àmọ́ kò ní lè sẹ́ eruku mọ́. Tí ò bá tíì dí jù, ẹ gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ẹ dá a padà. Tó bá ti rí bíi tèmi, ẹ sọ ọ́ nù. Mo ti kọ déètì sétí tuntun yìí pẹ̀lú bíró, gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá ti lọ ni mo máa máa yọ ọ́ wò, ẹni tó ń gba ọ̀nà eléruku lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ tètè máa wò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ ṣa ewé tó bá kó jọ sídìí wáìpà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń gbà wọlé, tí ewé bá sì dí ojú ibi tí omi òjò ń gbà lọ, inú mọ́tò lomi náà máa wá.

Aládùúgbò mi tó ń wa Corolla 2004 rí mi nídìí ẹ̀, ó ní kí n bá òun wo tòun. A yọ pigeon hole, a ò rí ìdérí tó ṣeé fún yọ, ike pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ra ló wà níbẹ̀. Àwọn Corolla 2003 sí 2008 kan wà bẹ́ẹ̀, wọn ò fi fíltà sí i láti ilé iṣẹ́ àmọ́ wọ́n ṣe àyè ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ike yẹn, èèyàn máa fi ọ̀bẹ tó mú gé e ní ojú ìlà ẹ̀ ni, kó tó lè ti fíltà wọlé, á sì nílò ìdérí tó máa fi dé e. Mo ní kó má gé nǹkan kan títí tí fíltà àti ìdérí á fi wà nílẹ̀, torí bí ihò yẹn bá ṣí sílẹ̀ báyẹn, ibẹ̀ ni bólòwá á ti máa fa eruku. Ó ti rí fíltà rà, ìdérí ló ṣì ń wá kiri ní Gate.