Ẹnu Ni Ọmọ Ọwọ́ Fi Ń Mọ Ayé: Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ Tọ́jú

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin òbí, ìwé yìí kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fọ́n oògùn tàbí bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Ẹ mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan tí à ń bá láti ilé dé ilé la torí ẹ̀ kọ ọ́: ọmọ gbé nǹkan sẹ́nu, wọ́n gbá a lọ́wọ́, wọ́n gba ti ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ níbi tó ti rí i.

Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Láti bí oṣù 3 ló ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́nu; nígbà tó bá fi máa pé oṣù 6, kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó tí kò ní tọ́ wò. Ètè àti ahọ́n rẹ̀ ti gbọ́n ṣáájú ìka. Ẹ fún un ní ṣíbí kí ẹ wò ó: á lá etí rẹ̀, á fi èrìgì tẹ̀ ẹ́, á yọ ọ́, á tẹjú mọ́ ọn, á tún dá a padà. Ibẹ̀ ló ti ń mọ èyí tó le, èyí tó tutù. Kò sí ẹgba tó lè mú un fi í sílẹ̀ kí ó tó tó bí ọmọ ọdún 2.

Ilẹ̀ ni kí ẹ bójú tó. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ dọ̀bálẹ̀ níbi tó ti ń rákòrò, kí ẹ wo abẹ́ àga. Ẹni tó dúró kò lè rí ohun tí ọmọ ń rí. Ẹ ká páálí kí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ohun tó bá gba ihò náà kọjá kò gbọdọ̀ sí nílẹ̀.

Irúgbìn tí wọ́n fi oògùn pò burú jù. Torí kí àgbà má baà jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣe pa á láró. Àwọ̀ yẹn gan-an ló ń pe ọmọ. Mo ti rí ọmọ tí itọ́ pupa ń ṣàn dé àyà rẹ̀, ìyá rẹ̀ rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Àpò irúgbìn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti lu nídìí. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí, ẹ gbé e ga tó mítà 1.5, òun àti oògùn èkúté. Tí ẹ bá ti oko dé, ẹ bọ́ aṣọ, ẹ fọṣẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ. Èjìká yín ló máa kọ́kọ́ lá.

Tó bá ti gbé oògùn mì, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti ike oògùn lọ sílé ìwòsàn. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí 2: ẹ má dúró dìgbà tó bá sunkún.

Tí nǹkan bá há a lọ́fun, tó ṣì ń wúkọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́ náà lọ. Tí ohùn rẹ̀ kò bá jáde, tí kò sì tíì pé ọmọ ọdún 1, ẹ dà á dojú bolẹ̀ sórí apá yín, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ yí i padà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é lọ títí nǹkan náà á fi jáde, kí ẹlòmíì máa wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ má ki ìka bọ ẹnu rẹ̀ láìrí ohun tó wà níbẹ̀! Ṣe ni ẹ máa tì í wọlé sí i.

Kí ẹ sì fún un ní tirẹ̀: nǹkan 3 tàbí 4 tó tóbi ju ihò páálí yẹn lọ, tí ọ̀dà kò bó lára wọn, tí ẹ ń fọṣẹ fọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ kó wọn sínú abọ́ kan, ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tó o.