Bí ẹ ṣe máa fi DNA mọ fọ́ńgọ́ọ̀sì tó sá pamọ́ sínú irúgbìn àlìkámà

Lọ́dún 2016 ni àrùn wheat blast, àrùn àlìkámà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fà, wọ Bangladesh, oko tó ń lọ bíi hẹ́kítà 15,000 ló bà jẹ́, ṣírí àlìkámà á funfun báláú, tẹ́ ẹ bá tú u wò kò sí hóró gidi nínú ẹ̀. Brazil ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn yìí ní 1985, DNA (àkọsílẹ̀ àbùdá inú ohun ẹlẹ́mìí) ló sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn South America lèyí ti wá, pé kì í ṣe èyí tó ti ń bá ìrẹsì Bangladesh jà tẹ́lẹ̀. Máíkírósíkóòpù ò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ o, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, Magnaporthe oryzae.

Ẹ má bu irúgbìn látòkè àpò kan ṣoṣo, ẹ mú lókè, láàárín àti nísàlẹ̀ àpò púpọ̀, ẹ pò ó pọ̀ kẹ́ ẹ tó ka 400 hóró. Ẹ fi omi bílíìṣì 1% fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan torí èyí tó wà nínú hóró là ń wá, ẹ wá fi omi tó mọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ tò ó sórí péépà tútù nínú abọ́ pẹlẹbẹ, 25 nínú abọ́ kan, ní nǹkan bí 25°C fún ọjọ́ méje. Èyí tó bá hu nǹkan bí irun aláwọ̀ eérú, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ibi tó ṣòro jù rèé, mo bẹ yín ẹ má fò ó: ẹ fi abẹ́rẹ́ mú spore (hóró tín-ín-tín tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń bí sí i) kan péré, kẹ́ ẹ gbìn ín sórí agar, oúnjẹ dídì tí wọ́n fi pòtétò àti ṣúgà sè. Tí fọ́ńgọ́ọ̀sì méjì bá dàpọ̀, DNA wọn náà á dàpọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa rí ò ní jọ ti ẹnì kankan.

Tó bá kún abọ́, ẹ ha á, ẹ fi liquid nitrogen (nitrogen olómi tó tutù gan-an) lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ da CTAB (èròjà bí ọṣẹ tó ń jẹ́ kí DNA jáde nínú sẹ́ẹ̀lì) tó gbóná 65°C sí i, lẹ́yìn náà chloroform tó ń yọ ìdọ̀tí kúrò lára DNA, ẹ yí i nínú centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí ike bírí), omi òkè lẹ máa mú. Isopropanol, irú ọtí kan, á mú kí DNA rọ̀ sílẹ̀, ẹ fi ethanol 70% fọ̀ ọ́.

Ó ku PCR, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, á máa gbóná, á máa tutù, léraléra. Primer (ègé DNA kúkúrú tí PCR ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) tó bá Pot2 mu lẹ máa lò, ègé DNA tó ti da ara ẹ̀ kọ káàkiri inú fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí ni Pot2, ibi tó wà lára ti ìrẹsì kọ́ ló wà lára ti àlìkámà, òun ló fi dà bí ìtẹ̀ka. Tó bá ti yípo bíi ìgbà 30, ẹ gbé e sínú jẹ́ẹ̀lì, ẹ fi iná mànàmáná lé e, ilà á yọ. Inú jẹ́ẹ̀lì kan náà ni kẹ́ ẹ ti gbé ti àlìkámà àti ti ìrẹsì tẹ́ ẹ ti mọ̀ dájú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú ike kan tó jẹ́ omi lásán dípò DNA. Tí ilà bá yọ nínú ti omi yẹn, DNA ibòmíì ti kó wọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ da gbogbo ẹ̀ nù, kẹ́ ẹ tún PCR ṣe, ẹ má tíì sọ nǹkan kan fún àgbẹ̀ tó ni irúgbìn.