Bí mo ṣe tọ́ ewé tíì mẹ́fà wò ní Kétu

Aṣọ ìgbéyàwó ni mo ń rán lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin ti Guangzhou dé. Ọjà ló máa ń lọ rà níbẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Kútọnu. Ó gbé àpò kan lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà, tíì yín rèé, ẹ̀yin tí ẹ kì í jí kí ẹ má mu ún." Tíì alápò kékeré, èyí tí a ń fi okùn rì sínú omi, ni mo ń retí. Nígbà tí mo tú àpò náà, ewé gbígbẹ ni mo bá, oríṣi mẹ́rin, olúkúlùkù nínú ọ̀rá tirẹ̀. Ọ̀kan tẹ́ pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí a sá sí ibòji. Ọ̀kan ká jọ, ó le koko bí ẹ̀wà. Ọ̀kan dúdú, kí n sì tó gbé e sún mọ́ imú ni òórùn èéfín ti kọlù mí. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n tẹ̀ pọ̀ di àwo róbótó, tó jẹ́ pé ọ̀bẹ ni mo ní láti fi máa họ ọ́.

Láti kékeré ni mo ti ń mu tíì. Ti ìyá mi ni èyí tí a ń fi mílíìkì àti ṣúgà pò, tí a ń fi búrẹ́dì mu láàárọ̀. Ti gáréèjì ni èyí tí mai ṣáyì ń sè lórí èédú, tó ń bù sínú ife kékeré. Mi ò mọ̀ ju méjèèjì lọ, mo sì gbà pé tíì tí kò ní ṣúgà, oògùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹrù láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá fún mi, mi ò lè da ẹ̀bùn rẹ̀ sínú mílíìkì kí n gbé e mì. Mo pinnu pé màá mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Mo wá ra méjì mọ́ mẹ́rin náà, ewé tó ká ní kóró wẹ́wẹ́, tó ṣì wà ní àwọ̀ ewé, tí mai ṣáyì ń lò àti tíì dúdú oníhóró wínníwínní láti Kẹ́ńyà, kí n lè fi èyí tí mo mọ̀ wé èyí tí mi ò mọ̀.

Àbúrò mi ní igi kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Mo ní, báwo? Èyí tí omi rẹ̀ mọ́ bí omi àgbọn àti èyí tó dúdú bí omi aró? Òótọ́ ló sọ ṣá. Camellia sinensis ni àwọn onímọ̀ ń pe igi náà, ohun tí wọ́n ṣe sí ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣu ló là mí lójú. Bí ẹ bá bẹ iṣu tí ẹ gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á kọlù ú, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bí ẹ bá tètè sọ ọ́ sínú omi gbígbóná, dídúdú náà á dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé tíì. Èyí tí wọ́n tètè yan nínú agbada bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ṣe, tàbí tí wọ́n fi ooru omi pa bí àwọn ará Jàpáànù, á dúró ní àwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n fún, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ títí ó fi dúdú tán, òun ni tíì dúdú. Èyí tí wọ́n dá dúró lágbedeméjì ni oolong.

Òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni mo yá, nítorí ṣíbí kì í sọ òótọ́ nípa ewé. Ṣíbí kan ewé tó ká jọ wúwo ju ṣíbí méjì ewé pẹlẹbẹ lọ. Mo sì ti kà nípa ìlànà kan tí ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ọjà lágbàáyé, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1980 fún àwọn tó ń fi ẹnu tọ́ tíì wò. ISO 3103 ni wọ́n ń pè é. Gíráàmù 2 ewé sí mílílítà 100 omi híhó, kí ewé wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 6. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo to ife mẹ́fà, mo wọn ewé sínú wọn, mo da omi tó ń hó yaya lé gbogbo wọn, mo fi fóònù ka ìṣẹ́jú.

Longjing ni mo kọ́kọ́ fẹnu kàn, ewé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yan ní Hangzhou. Òun ni àbúrò mi sọ pé ó wọ́n jù. Ó korò, ó sì fa ẹnu mi pọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá gé kajú tí kò tíì pọ́n jẹ. Inú mi bàjẹ́. Mo tọ́ márùn-ún yòókù wò, ti Kẹ́ńyà nìkan ló dà bí ohun tí ènìyàn ń mu. Lékè gbogbo rẹ̀, aago mẹ́ta òru lù, ojú mi ṣì là sílẹ̀ kedere, nítorí kafeínì inú ife mẹ́fà kì í ṣe kékeré. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ di ti àárọ̀ nìkan, ife méjì péré lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí mo tún ìlànà yẹn kà ni mo rí ohun tí mo fò dá. Kí gbogbo ewé lè jẹ́jọ́ lórí ìlà kan náà ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, kí ẹni tó ń ra ọjà lè fi ọ̀kan wé èkejì. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ènìyàn po èyí tó fẹ́ jókòó mu. Ohun tó ń mú tíì korò, tó ń fa ẹnu pọ̀, a máa yára jáde bí omi bá ti gbóná jù. Adùn inú ewé kò nílò ooru tó tó bẹ́ẹ̀. Ewé tí wọ́n fún dúdú lè gba omi híhó. Èyí tó ṣì wà ní àwọ̀ ewé, omi tó tó ìwọ̀n 75 sí 80 ni wọ́n ní kí a fún un.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ 80? Tẹmọ́mítà tó wà nílé wa, ti ibà ni, kò kọjá 42. Mo jókòó tì í títí mo fi rántí bí a ṣe ń po omi ìwẹ̀ fún ọmọ ọwọ́, gbígbóná díẹ̀, tútù díẹ̀. Mo mú agolo mílíìkì, mo ṣírò rẹ̀ sórí bébà tí mo fi ń gé àwòṣe aṣọ. Omi híhó jẹ́ 100. Omi tí mo sè lánàá, tó ti tutù nínú àmù, á wà ní nǹkan bí 28. Agolo mẹ́ta omi híhó pẹ̀lú agolo kan omi tútù, ó bọ́ sí 82. Agolo méjì pẹ̀lú ọ̀kan, 76. Ife náà á tún gba díẹ̀ nínú ooru ọ̀hún. Láti ìgbà náà ni agolo ti di tẹmọ́mítà mi, kò sì já mi kulẹ̀ rí.

Mo fún Longjing ní agolo mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀kan, gíráàmù 3 nínú ife gíláàsì, ìṣẹ́jú 2. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ewé náà kọ́kọ́ léfòó. Lẹ́yìn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í dìde dúró lóòró nínú omi, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ṣí ẹnu bí ẹyẹ kékeré. Omi náà kò pọ́n, kò dúdú, ó kàn ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ọ̀mùnú ewé. Òórùn àgbàdo tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Mo mu ún. Kíkorò náà wà níbẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀yìn ahọ́n, ṣùgbọ́n bí mo ti gbé e mì ni adùn kan tẹ̀ lé e lọ́nà ọ̀fun, bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ obì tán tó wá mu omi lé e. Mi ò rántí ṣúgà rárá. Ewé kan náà ni o, omi kan náà. Agolo omi tútù kan àti ìṣẹ́jú tí mo dín kù ló yàtọ̀.

Èyí tó le koko bí ẹ̀wà ni Tieguanyin, oolong láti Anxi ní ìpínlẹ̀ Fujian. Òun gba omi tó gbóná dáadáa, àmọ́ kò fẹ́ kí ó pẹ́ nínú omi. Ìṣẹ́jú kan ni mo fún un, mo sẹ́ ẹ, mo tún da omi mìíràn lé ewé náà. Ẹ̀ẹ̀kìíní kò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sánsán nínú ife. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kóró tí mo wọn sínú rẹ̀ ti tú, ó kún ife dé ẹnu. Mo mú ọ̀kan, mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. Odindi ewé ni, pẹ̀lú pòròpórò rẹ̀, àárín rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, etí rẹ̀ sì pupa bí ibi tí iná ti kan aṣọ. Etí yẹn ni wọ́n ṣe léṣe. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti wọlé kí wọ́n tó fi iná dá a dúró. Gbogbo ohun tí àbúrò mi sọ nípa igi kan náà wà lórí ọwọ́ mi níbẹ̀. Mo pe àwọn ọmọṣẹ́ mi kí wọ́n wá wò ó.

Ní ọjọ́ tí mo po èyí tó ń rùn bí èéfín, ìyá mi pariwo láti inú yàrá pé, "Ta ló ń yan ẹja láàárọ̀ yìí?" Igi páìnì ni wọ́n fi ń yan án lórí òkè Wuyi, ní Fujian kan náà. Mo bù ú fún wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n mu ún, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má fún ẹnikẹ́ni ní èyí." Ìdajì ọ̀rá náà ti wà nínú àpótí wọn báyìí.

Ti inú àwo róbótó, pu'er ti Yunnan, mo máa ń fi omi híhó ṣan án ná, mo dà á nù, kí n tó po ti mímu. Ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mo fẹ́ràn òórùn náà ju mímu rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo yà sọ́tọ̀ fún omi, nítorí ti Kẹ́ńyà kò dúró sójú kan. Ó dára lónìí, ó ṣú lọ́la. Mo wọn ewé kan náà sínú ife mẹ́ta, mo fi omi mẹ́ta pò ó: omi kànga jíjìn tó wà ní àgbàlá, omi ẹ̀rọ, àti omi òjò tó wà nínú táǹkì. Ti kànga ṣókùnkùn, nǹkan kan tẹ́ lójú rẹ̀ bí epo tó ti dì. Omi kan náà yìí ló ń sọ ìdí kẹ́tùlù wa di funfun bí ẹni kùn ún lẹ́fun. Ti ẹ̀rọ ń rùn díẹ̀, àmọ́ bí mo bá ti ṣí i sílẹ̀ mọ́jú, òórùn náà á lọ. Ti òjò mọ́ gaara, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ojú rẹ̀ ń dán. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tí omi ṣọ̀wọ́n ní Kétu, àmù ńlá ni wọ́n ń gbé sábẹ́ òrùlé, ẹni tó bá sì fi omi òjò ṣan ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ á bá a. Mo máa ń jẹ́ kí òjò fọ páànù ná kí n tó dojú rẹ̀ kọ táǹkì, mo sì máa ń sè é kó hó dáadáa.

Ohun kan wà tí mo yí padà nílé. A kì í fi oúnjẹ mu tíì mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tó, tíì sì máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ó ń jẹun tán, ó ń dúró tó wákàtí kan, kó tó mu tirẹ̀.

Ó ku ewé mai ṣáyì. Mo fún un ní agolo méjì pẹ̀lú ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ohun tó jáde fúyẹ́, ó mọ́, mi ò lè gbà pé ewé gáréèjì ni. Mo rọ ọ́ sínú fúláàsì, mo gbé e lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ọmọ Nìjẹ̀ẹ́ ni. Ó mu díẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Tàǹtí, èyí ò tíì jinná."

Ó ní kí n jókòó. Ó gbé ìkòkò kékeré rẹ̀ lé èédú, ó fi omi ṣan ewé lẹ́ẹ̀kan, ó sè é títí ó fi dúdú, ó ju ewé míńtì àti ṣúgà sí i, ó ń gbé e sókè ó ń dà á láti òkè wá títí fóòmù fi kún ife. Lẹ́ẹ̀mẹta ló da omi lé ewé kan náà. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ìkínní korò bí ikú, ìkejì rọ̀ bí ayé, ìkẹta dùn bí ìfẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mu tíì lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí, ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ ọ wò. Ewé tó ká le bẹ́ẹ̀ lè fara da iná. Kíkorò rẹ̀ ni ṣúgà àti míńtì ń bá ṣiṣẹ́, bí a bá sì yọ kíkorò náà kúrò, ṣúgà nìkan ló kù.

Nígbà tí a mu ti tirẹ̀ tán, ó na ife sí mi, ó ní kí n bu ti inú fúláàsì sí i. Ó mu ún láìsí ṣúgà, ó tún na ife náà. Ó bi mí iye omi tútù tí mo dà sí i. Mo sọ fún un. Ó ní òun á máa po irú rẹ̀ fún ara òun láàárọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí èédú yìí ni ti àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Pàrákú lóru.