Làpálàpá Orí Ọmọ: Àwọn Àṣìṣe Tí Kì Í Jẹ́ Kó Lọ

Àwọn àgbà máa ń bá ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá wí. Òwe náà dára, àmọ́ ó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa fojú kékeré wo làpálàpá. Ọmọ á máa họrí láti àárọ̀ dalẹ́, irun rẹ̀ á já lójú kan róbótó, a ó ní, "Làpálàpá lásán ni, á lọ fúnra rẹ̀." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ló ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìlódè, níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi ń kun orí ọmọ yìí, tí làpálàpá sì ń gbilẹ̀ sí i. Ohun tí mo kọ́ nínú oṣù mẹ́rin yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, kí ọmọ tiyín má baà jìyà tó bẹ́ẹ̀.

Làpálàpá kì í ṣe kòkòrò tó ń rìn. Òun àti olú inú oko àti ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, ìran kan náà ni wọ́n. Ohun tó ń jẹ ni ohun líle tó wà nínú irun, nínú èékánná àti ní òkè awọ ara. Tó bá wà lápá tàbí níkùn ọmọ, òkè awọ ló máa ń wà. Àmọ́ tó bá ti dé orí, inú irun ló ń wọ̀, á sì bá irun náà wọlẹ̀ títí dé ìdí rẹ̀.

Kíkun orí ọmọ ní ìpara nìkan

Èyí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù, òun náà ló sì ń gba owó àti àkókò wa jù. Ìpara tí a fi pa orí kì í dé ìdí irun tí làpálàpá sá sí. Ìpẹ́ funfun á dín kù, yíyún á rọlẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo rẹ̀ á tún padà. Làpálàpá orí ń fẹ́ òògùn tí ọmọ máa gbé mì, kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé e dé ibi tí irun ti ń hù. Griseofulvin ni wọ́n sábà máa ń lò, tàbí terbinafine. Dókítà ló máa sọ èyí tó yẹ ọmọ yín, torí ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹ má pín oògùn àgbàlagbà sí méjì fún ọmọ o.

Nǹkan méjì wà nípa griseofulvin tí mi ò bá ti mọ̀ ká ní n kò béèrè. Àkọ́kọ́, ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí ọmọ bá lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá. Tiwa máa ń lò ó lẹ́yìn ẹ̀kọ àti àkàrà, nígbà míì lẹ́yìn ẹyin díndín. Èkejì, òògùn yìí ń fẹ́ sùúrù: ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé ọmọ kò họrí mọ́. Yíyún ló lọ o, làpálàpá ṣì wà níbẹ̀.

Ìpara alápòpọ̀ tó ń mú gbogbo nǹkan rọlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ kẹ́míìsì, ẹ ní làpálàpá ni, wọ́n á na tíúbù kékeré kan sí yín tó ń wo ohun gbogbo: làpálàpá, èélá, egbò, ojú rírorẹ́. Ohun tí wọ́n fún èmi náà nìyẹn, inú mi sì dùn gan-an ní ọjọ́ kẹta, torí pé yíyún ti lọ, pupa ti lọ.

Ẹ yí páálí rẹ̀ wò. Tí ẹ bá rí betamethasone tàbí clobetasol níbẹ̀, sítẹ́rọ́ọ̀dù ni. Iṣẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù ni láti mú kí ara dákẹ́, kó má jà mọ́. Pupa àti yíyún tí à ń rí, ìjà tí ara ń bá làpálàpá jà ni. Tí a bá ní kí ara jáwọ́ nínú ìjà, làpálàpá á ráyè gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Òrùka rẹ̀ á pa rẹ́, kò ní jọ làpálàpá mọ́, á sì máa tàn lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá dá ìpara náà dúró ló máa yọ padà, á sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, débi pé dókítà pàápàá lè má tètè dá a mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, awọ ọmọdé fẹ́lẹ́, sítẹ́rọ́ọ̀dù tún máa ń sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, ó sì lè gba ara wọlé tó bá pẹ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i lọ́wọ́ ìyá tó ń fi pa ìkókó lójú.

Fún làpálàpá ara, ìpara tó jẹ́ ti làpálàpá nìkan, bíi clotrimazole, ti tó. Ẹ fi pa á títí kọjá etí òrùka náà díẹ̀, kí ẹ sì máa bá a lọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti jọ pé ó ti san.

Fífi iná pa á

Omi bátìrì, kẹrosíìnì, omi tí a fi ń bó aṣọ, áyù tútù tí a gún lẹ̀ mọ́ ara, kànǹkàn tí a fi ha á títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti gbọ́, mo sì ti fi ojú ara mi rí méjì nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Wọ́n ń jó awọ ọmọ ni, áyù tútù náà ń jó o. Ojú tó bá bó ni kòkòrò míì ń gbà wọlé tó fi ń di egbò.

Mi ò ní bú ewé wa o. Asùnwọ̀n òyìnbó tí àwọn ìyá wa máa ń fi ra làpálàpá kì í ṣe ohun àròsọ, ewé náà lágbára lórí làpálàpá tó wà lára. Ṣùgbọ́n kò lè dé ìdí irun, bí ìpara kò ṣe lè dé ibẹ̀. Ẹ má sì fún ọmọdé ní àgbo rẹ̀ mu, torí ó máa ń mú kí ènìyàn yàgbẹ́ gan-an.

Fífá orí, àti kílípà onígbàjámọ̀

Tí wọ́n bá ti fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, gbogbo ọmọ ló máa ń lọ gẹrun. Ẹ dé Lágere tàbí Sábó lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ ó bá wọn lórí ìlà, kílípà kan náà sì ń ti orí dé orí. Wíwọ́n sípíríìtì sí i fìrí kò tó, torí irun ọmọ tó ṣáájú ṣì wà láàárín eyín rẹ̀. Kí onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ yọ ojú rẹ̀, kó gbá irun kúrò, kó tó fi òògùn apakòkòrò sí i. Tí agbára bá ká a, ẹ ra tọmọ yín, kó máa gbé e lọ. Fífá orí fúnra rẹ̀ kò wo làpálàpá, torí èyí tó wà lábẹ́ awọ kò bá irun lọ.

Ti ọmọbìnrin ni kí ẹ má dirun bò ó mọ́lẹ̀. A dì í ní ṣùkú kí ojú má baà tì wá, òòyà onídìrí gbé e lọ sí orí ọmọ tó jókòó tẹ̀ lé e.

Pípè é ní eéwo

Nígbà míì orí á wú, á rọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ọyún á máa jáde, kókó á sọ lẹ́yìn ọrùn, ara ọmọ sì lè gbóná. Ó jọ eéwo, àmọ́ làpálàpá ṣì ni, ara ló gbé ìjà ńlá dìde sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà, torí tí èyí bá pẹ́, ó lè fi àpá sílẹ̀, irun kò sì ní hù níbẹ̀ mọ́ láéláé. A ní OAUTHC, ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níhìn-ín, àwọn ará Iléṣà sì ní Wesley Guild tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè ha ìpẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń bá jà. Ẹ má fi ìpara kankan sí i kí ẹ tó lọ.

Òwe àwọn àgbà ṣì wúlò níbì kan. Kì í ṣe gbogbo ojú róbótó lára ọmọ ni làpálàpá. Tí àwọ̀ ara ibẹ̀ bá ṣí, tí kò yún, tí ọmọ kò sì mọ̀ nígbà tí ẹ fi òwú kàn án, ẹ má ra ìpara o. Ẹ̀tẹ̀ lè wà níbẹ̀, ó sì ní òògùn tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Wíwo ọmọ kan nínú ilé ọlọ́mọ mẹ́rin

Ohun tó dá wa padà lẹ́ẹ̀mejì nìyí. Àwọn ọmọ mi méjì ń bá a sùn lórí ẹní kan, ìrọ̀rí kan, òòyà kan. Ọmọ lè gbé làpálàpá sórí kí ojú má rí nǹkan kan. Ẹ yẹ orí gbogbo wọn wò nínú oòrùn. Dókítà ní kí a máa fi ṣampú tó ní ketoconazole fọ orí gbogbo ọmọ ilé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èyí tó ní selenium sulphide náà dára. Mo fi omi gbígbóná fọ èpo ìrọ̀rí àti fìlà, mo sá wọn sí oòrùn, mo sì fi áyọ́ọ̀nù lọ wọ́n. Ẹ wo ológbò àti ọmọ ajá ilé yín náà, bóyá irun wọn ń já.

Ẹ má sì fi ọmọ pamọ́ sílé. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ òògùn, ó lè lọ sí ilé-ìwé, kí fìlà àti òòyà rẹ̀ sáà dá wà. Wọ́n lé tiwa padà wálé ní kíláàsì, wọ́n ní olórí làpálàpá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó parí òògùn, irun ti bo gbogbo ojú ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá mú òòyà, ó ṣì máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.